Ẹkún Aago Mẹ́rin

Aago 5:50 òwúrọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́. Bọ́ọ̀sì kékeré kan dúró nísàlẹ̀ Òkè Àáre, n'Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ méje sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fi iná fóònù wo ẹrù wọn: àpótí kámẹ́rà, ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń so makirofóònù mọ́, páálí funfun tí wọ́n fi ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn sójú òṣèré, búrẹ́dì mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olùdarí wọn ka ẹrù náà lẹ́ẹ̀mejì. Fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá ni, òun ni wọ́n máa fi gba ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo lowó wọn ká.

Aago 6:50. Ojúmọ́ ti mọ́. Láyípo dúró lókè nínú ọyẹ́, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn. Wọ́n kọjú kámẹ́rà sí àwọn òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, lọ títí dé apá Bẹẹrẹ. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ ni. Aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ṣì ń kà, ó sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa lásìkò ọyẹ́. Inú fáìlì rẹ̀, inú ẹ̀rọ agbohùn àti inú fóònù àwọn tọ́rọ̀ kàn ni àwọn aago tó wà níbí ti wá. A ti fi wákàtí kan lé ti kámẹ́rà.

Aago 8:10. Wọ́n wọ agbo-ilé. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Mọ́gàjí ti fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ó tún béèrè ohun tí òṣèré wọn fẹ́ ṣe gan-an.

"Ẹkún ni, Bàbá. Wọ́n á pè é lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ kú sínú aṣálẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Líbíà."

Mọ́gàjí ń run orín. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ fún àwọn ará ilé."

Wọ́n lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tó wà nílé.

Aago 8:35. Ẹnì kan gbé àpótí kámẹ́rà lé orí sàréè tí wọ́n fi táìlì tẹ́ níwájú ilé. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn na ọwọ̀ sí àpótí náà. Wọ́n gbé e kúrò.

Nǹkan kéékèèké ni wọ́n fi gbogbo àárọ̀ gbà: ọwọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà, fóònù tó ń gbọ̀n lórí àpótí ìjókòó, omi tó ń kán. Iṣẹ́ fíìmù, ìdúró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Aago 11:20. Ọmọkùnrin tó ń gbohùn ń gbọ́ rédíò lábẹ́ gbogbo nǹkan tó gbà. Ó tọ ohùn náà dé yàrá kan lápá òsì, tí kọ́tìnì búlúù olódòdó bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan gbé ife ẹ̀kọ mímu wọ ibẹ̀. Ó gbé e jáde, ìdajì ló kù. Ó tún gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọlé nínú abọ́.

"Màmá ló ń gbọ́ ọ," ni ọmọ náà wí. "Wọn kì í pa á."

Aago 1:15 ọ̀sán. Ìyá òṣèré gun ọ̀kadà dé, aṣọ tó máa wọ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bá ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri kiri, irú èyí tí Ògúndé dá sílẹ̀ ní 1945 tí àwọn mìíràn sì wò kọ́. Gbọ̀ngàn ìlú àti ọgbà iléèwé ni wọ́n ti ń ṣeré nígbà náà. Ohùn òṣèré gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sanwó kéré jù, tó dúró sẹ́yìn pátápátá. Ohùn bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́fun ẹni.

Aago 2:30. Wọ́n dánra wò. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé, ó wò síbi tí wọ́n ní kó wò, ó jókòó síbi tí wọ́n ní kó jókòó. Nígbà tó dórí ẹkún, ó dákẹ́.

"Èmi kì í fi ẹkún dánra wò," ló wí. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Aago 3:30. Àdúgbò ń pariwo jù. Wọ́n fún oníẹ̀rọ ata lówó kó dúró fún ìdajì wákàtí. Wọ́n bẹ onígbàjámọ̀ kó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi bisikíìtì pa àwọn ọmọdé lẹ́nu mọ́.

Aago 3:48. Ọmọkùnrin tó ń gbohùn kúnlẹ̀ níwájú ọmọdébìnrin yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà wọlé. Rédíò dákẹ́.

Aago 3:55. Wọ́n gba ìdákẹ́jẹ́ nìkan, ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí wọ́n máa nílò rẹ̀ tí wọ́n bá ń to fíìmù. Nínú fáìlì náà, ewúrẹ́ kan ké lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí àdúgbò náà má tíì parọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án rí.

Aago 4:02. Tééki kìíní. "Kámẹ́rà?" "Ó ń lọ." "Ohùn?" "Ó ń lọ." Ìyá òṣèré gbé fóònù sétí. Ó gbọ́. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó figbe ta.

Iná pupa tàn lójú ẹ̀rọ agbohùn. Ọmọkùnrin náà já hẹ́dífóònù kúrò létí.

Aago 4:05. Níkòríta, obìnrin tó ń ta èlùbọ́ gbé fóònù rẹ̀. Ó pe ọkùnrin kan tó ń ta táyà ní Gate.

"Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ọkùnrin náà kò béèrè mọ́. Kò ti ìsọ̀.

Aago 4:09. Tééki kejì. Òjìji ọ̀pá makirofóònù wọ inú àwòrán. Aago 4:15. Tééki kẹta. Ó dára, ṣùgbọ́n olùdarí fẹ́ ẹ̀kan sí i. Oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò lára ògiri.

Aago 4:21. Tééki kẹrin. Igbe ta. Ọ̀kadà kan dúró lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan sáré wọlé, ó gba àárín kámẹ́rà àti òṣèré kọjá. Ẹsẹ̀ kan ló ní bàtà. Ẹni tó mú kámẹ́rà rò pé olùdarí ló fi í kún un. Olùdarí rò pé ará ilé ni, pé ó máa kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró.

Ọkùnrin náà dé iwájú kọ́tìnì búlúù. Ó tẹ́tí. Kò sí rédíò. Kò ká kọ́tìnì sókè. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó wólẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìyá òṣèré ti dákẹ́. Kámẹ́rà ń lọ. Ọkùnrin náà ń ki ìyá rẹ̀. Ó ń ka ohun tí kò ṣe: ilé tó ní òun máa tún kùn, ojú ìyá rẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó ń sún síwájú láti ọdún dé ọdún.

Aago 4:23. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì:

"Ta ló kú?"

Aago 4:24. Olùdarí sọ pé kí wọ́n dúró. Fáìlì tán.

Aago 4:30 sí 4:50. Ariwo sọ. Ọkùnrin náà gbá pátákó tééki kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Olùdarí kúnlẹ̀, kò dìde. Oníẹ̀lùbọ́ ń búra pé ohun tí òun gbọ́ lòun gbọ́. Mọ́gàjí ní kí olúkúlùkù gbẹ́nu dákẹ́.

"Ẹ pa á rẹ́," ni ọkùnrin náà wí. "Lójú mi báyìí."

Aago 4:52. Ẹni tó mú kámẹ́rà pa tééki kẹrin rẹ́. Ọkùnrin náà wò ó títí ó fi lọ.

Ọmọkùnrin tó ń gbohùn ì bá dákẹ́. Kò dákẹ́. "Ohùn ṣì wà nínú tèmi, sà. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n."

Kó tó tẹ ohunkóhun, ọmọdébìnrin yẹn jáde.

"Màmá ní ẹ má pa á. Wọ́n ní kí ẹ gbé e wá."

Aago 5:05 ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti funfun. Wọ́n gbé hẹ́dífóònù lé gèlè rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tí kò ní bàtà.

"Mo gbọ́ ti ojú yẹn," ni ìyá wí.

"Ẹ má bínú, ìyá mi."

"Mo ní mo gbọ́ ọ." Ó ṣí hẹ́dífóònù kúrò létí kan. "Obìnrin tó kọ́kọ́ sunkún dà?"

Ìyá òṣèré wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ìwọ lo mọ ẹkún sun. Gbèsè ni tèyí ń kà." Ó yíjú sí ọmọdébìnrin náà. "Gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá di tèmi gan-an, òun ni kí wọ́n pè."

"Háà! Ẹ̀mí yín á gùn, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Èló lo máa gbà?"