Ọ̀yọ́ Ilé, Olú Ìlú Tó Dahoro

Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, ni olú ìlú Ìjọba Ọ̀yọ́ kí ogun tó tú u ká láàárín ọdún 1830 sí 1840. Ahoro rẹ̀ wà nínú igbó ọ̀dàn ní àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Láti Parakou, lórílẹ̀-èdè Benin, síbẹ̀ kò tó 200 kìlómítà tí a bá wọ̀n ọ́n tààrà, ìtàn ìlú náà kò sì ṣeé sọ láìdárúkọ ilẹ̀ Ìbàrìbá.

Ọ̀rànmíyàn ni ìtàn sọ pé ó tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí àwọn Tápà kó ìlú náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Aláàfin Onígbogí sá lọ. Lẹ́yìn náà, Ìgbòho di ibùjókòó àwọn Aláàfin títí Aláàfin Abípa fi pinnu láti padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n fi àwọn ènìyàn ṣe iwin sórí òkè kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba, ṣùgbọ́n Abípa rán ọdẹ lọ kó gbogbo wọn wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba M'ọ̀rọ̀, ìyẹn ọba tó mú iwin.

Clapperton, arìnrìn-àjò ará Skọ́tláńdì, dé ìlú náà ní 1826. Ó kọ ọ́ pé odi amọ̀ tó yí i ká ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, pé yàrà gbígbẹ wà níta rẹ̀, pé ẹnubodè mẹ́wàá ló ní, àti pé àyíká odi náà tó máìlì 15. Àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett, Robert Soper àti Babatunde Agbaje-Williams ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Odi kò gba ìlú là. Ní nǹkan bí 1836, Aláàfin Olúewu àti ọba Nikki ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, tí àwọn Ọ̀yọ́ ń pè ní Ẹlẹ́dùwẹ̀, jọ ṣígun lọ bá Ìlọrin, ọ̀tá Ọ̀yọ́. Àwọn kan nínú olórí ogun Ọ̀yọ́ fúnra wọn kẹ̀yìn sí wọn. Ọba méjèèjì kú sógun náà.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé fọ́n ká. Àtìbà gorí oyè Aláàfin, ó sì sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun.

Láti 1991 ni ahoro náà ti wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, Old Oyo National Park. Ó yẹ kí a máa kọ́ ìtàn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Parakou àti Nikki bí a ti ń kọ́ ọ ní Ọ̀yọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìbàrìbá wà nínú rẹ̀.