Ife Ẹ̀yẹ Àwọn Awakùsà West Auckland

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lájò, ìtàn ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí.

Ní 1885 ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀ gbà pé ẹgbẹ́ lè san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní àwọn ìlú tí a ti ń wa èédú a máa wọ inú kòtò ní ọjọ́ iṣẹ́, wọn a sì gba owó díẹ̀ lórí pápá ní Sátidé. Àwọn ará West Auckland, ní ẹkùn Durham, kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Awakùsà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní 1909, wọ́n lọ sí Turin ní Ítálì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ tí Thomas Lipton, oníṣòwò tíì nì, fi lélẹ̀. Ní 1911 wọ́n tún lọ, wọ́n fi ayò 6 sí 1 borí Juventus, ife náà sì di tiwọn pátápátá.

Ṣùgbọ́n gbèsè bá ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fi ife náà dógò fún £40 lọ́dọ̀ obìnrin olótẹ́ẹ̀lì kan. Ó di 1960 kí ìlú tó dá £100 jọ láti rà á padà. Olè jí i ní 1994. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ní báyìí.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọmọ bá mú ògo wálé, ẹ jẹ́ kí a tètè bá a gbé ẹrù rẹ̀.