Fèrèsé Tó Gan Lójú Kọ̀ǹpútà: Ohun Tó Ń Fà Á àti Ọ̀nà Àbáyọ Tó Fẹsẹ̀ Múlẹ̀

Nínú ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn máa ń fi kan ètò tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà tí kì í tán nílẹ̀: ojú ètò náà á kàn gan. Ẹni tó ń lò ó tẹ bọ́tìnnì, kò gbọ́; ó fẹ́ sún fèrèsé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sún; ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀ léraléra, kẹ̀kẹ́ kékeré kan sì ń pòòyì níwájú rẹ̀. "Ó ti háàngì" ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì. Àlàyé tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti gbó, tàbí pé ẹni tó kọ ètò náà kò mọṣẹ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí a ṣe pín iṣẹ́ nínú ètò ló ń fa ìṣòro yìí. Ibì kan ṣoṣo ni ojú ètò gbára lé, ibẹ̀ náà ni a sì tún lọ di ẹrù mìíràn lé. Ìtàn nǹkan bí ogójì ọdún fi hàn pé gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú tí a gbà láti má ṣe tún iṣẹ́ náà pín ló forí ṣánpọ́n. Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí a gbé iṣẹ́ tó pẹ́ kúrò lọ́rùn ojú ètò pátápátá, kí èsì rẹ̀ sì tò sórí ìlà bí ohun gbogbo tó ń wọlé.

Láti ìgbà tí Apple ti gbé Macintosh jáde ní 1984, tí Windows ti Microsoft sì tẹ̀ lé e ní 1985, ìpìlẹ̀ tí ètò olójú fèrèsé dúró lé kò tíì yí padà púpọ̀. Ohunkóhun tí a bá ṣe, ìbáà ṣe lẹ́tà kan tí a tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tàbí máòsì tí a sún, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di ìṣẹ̀lẹ̀, á sì tò ó sórí ìlà. Nínú ètò náà, thread kan wà, ìyẹn ipa iṣẹ́ kan tó ń mú àṣẹ ṣẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni yóò mú ìṣẹ̀lẹ̀ tó wà níwájú ìlà, tí yóò ṣe ohun tó yẹ sí i, tí yóò sì padà wá mú èyí tó kàn. Thread yìí kan náà ló ń kun fèrèsé, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí, òun ló ń jẹ́ kí bọ́tìnnì wọlé nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Báńkì tó ní akáwó kan ṣoṣo ni: bí akáwó bá dìde lọ wá fáìlì oníbàárà kan nínú yàrá ẹ̀yìn, ìlà kò ní sún, bó ti wù kí iṣẹ́ ẹni tó kàn kéré tó. Windows kò tilẹ̀ mọ ohun tí ètò náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ohun tó ń wò ni bóyá ètò náà ṣì ń wá mú iṣẹ́ lórí ìlà. Bí sẹ́kọ́ńdì 5 bá kọjá tí kò wá, Windows á kà á sí ètò tí kò dáhùn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa ṣe iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Èwo wá ni iṣẹ́ tó pẹ́? Robert B. Miller ti IBM kọ̀wé ní 1968 lórí iye àkókò tí ènìyàn lè fi dúró de èsì kọ̀ǹpútà kí ọkàn rẹ̀ tó kúrò lórí ohun tó ń ṣe, Jakob Nielsen sì tún un ṣàlàyé nínú ìwé kan ní 1993. Bí èsì bá dé láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì, ẹni tó tẹ bọ́tìnnì kò ní mọ̀ pé òun dúró rárá. Bó bá tó sẹ́kọ́ńdì 1, ó mọ̀, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò tíì já. Bó bá kọjá sẹ́kọ́ńdì 10, ó ti bá nǹkan mìíràn lọ. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì nítorí pé òun ló sọ ibi tí ààlà wà: iṣẹ́ tí kò ní gbà ju ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì lọ lè wà lórí thread ojú ètò láìpa ẹnikẹ́ni lára, èyí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ tó yára ju ti àná lọ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ì bá ti yanjú tipẹ́. Macintosh ọdún 1984 ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 8 MHz. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé sínú báàgì lónìí ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún MHz, ọpọlọ inú rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ fèrèsé ṣì ń gan. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí ètò bá gan, kò ṣírò nǹkan kan. Ó ń dúró ni. Ó ń dúró de dísìkì, ó ń dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni pé ó ń dúró de kọ̀ǹpútà mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Àlọ àti àbọ̀ kò lè dín sí mìlísẹ́kọ́ńdì 50, ká tilẹ̀ gbà pé okùn náà lọ tààrà láìyà síbì kan. Ètò ọ́fíìsì tó bá lọ tó sì bọ̀ nígbà 40 kó tó ṣí ojú ìwé oníbàárà kan ti jẹ sẹ́kọ́ńdì 2 lórí ìrìn nìkan. Kò sí kọ̀ǹpútà tí a lè rà ní Ìkẹjà tí yóò dín in kù.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú àkọ́kọ́ ni kí a tọrọ àforíjì: àmì máòsì á di agogo oníyanrìn, iṣẹ́ á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ló léwu. Nígbà tí Visual Basic, èdè kan tí a fi ń kọ ètò, jáde ní 1991, àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DoEvents. Qt, ohun èlò ojú ètò kan, náà ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, processEvents. Láàárín iṣẹ́ gígùn, ẹni tó ń kọ ètò á fi àṣẹ yìí ké sí ìlà pé kí ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti dúró wọlé díẹ̀, kí iṣẹ́ tó máa bá a lọ. Lójú, ó tán: fèrèsé ń kun ara rẹ̀, bọ́tìnnì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ètò náà bá wà láàárín fífi àkọsílẹ̀ pa mọ́, tí oníbàárà tún tẹ bọ́tìnnì kan náà, iṣẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nínú ara rẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ tó parí. Àkọsílẹ̀ kan á di méjì. Bí ó bá sì jẹ́ pé fèrèsé ló tì, iṣẹ́ á padà dé, kò ní bá ilé rẹ̀ mọ́. Irú àṣìṣe báyìí kì í fara hàn lórí tábìlì ẹni tó kọ ètò, nítorí pé òun mọ ibi tí kò yẹ kí òun tẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí ìdúró náà bá wà nínú ìpè kan ṣoṣo sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí àyè tí a ó ti ké sí DoEvents rárá, nítorí pé thread fúnra rẹ̀ ti sùn.

Ọ̀nà kẹta bá ọgbọ́n mu ju èyí lọ, àwọn ọlọ́pọlọ pípé ló sì gbìyànjú rẹ̀. Bí thread kan bá ń fa ìdádúró, kí ló dé tí a kò fi jẹ́ kí thread tó bá wù ú fọwọ́ kan fèrèsé, kí a sì fi àgádágodo ṣọ́ ibi tí wọ́n ti lè kọlu ara wọn? Ohun tí Sun Microsystems ní lọ́kàn fún AWT, ohun èlò ojú ètò tó bá èdè Java wá ní 1996, nìyẹn. Ní 2004, Graham Hamilton, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní Sun, ṣàlàyé ìdí tí àlá náà kò fi ṣẹ, àlàyé rẹ̀ sì tọ́ sí àkíyèsí ju gbogbo ohun tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè: láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, dé ọ̀dọ̀ ohun èlò ojú ètò, kó tó kan ètò fúnra rẹ̀. Àṣẹ ètò ní tirẹ̀ ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀: ètò ní kí bọ́tìnnì yí àwọ̀ padà, bọ́tìnnì sọ fún fèrèsé, fèrèsé sọ fún ẹ̀rọ. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní àgádágodo tirẹ̀. Èyí tó ń gòkè ti di ti ìsàlẹ̀ mú, ó ń dúró de ti òkè. Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti di ti òkè mú, ó ń dúró de ti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jọ̀wọ́ tirẹ̀ fún ẹnì kejì, gbogbo ètò á sì dákú. Hamilton kò sọ pé kò ṣeé ṣe rárá; ó gbà pé ẹni tó mọ gbogbo inú ohun èlò náà láti òkè délẹ̀ tó sì ṣọ́ra gidigidi lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń kọ ètò ló wà ní ipò yẹn?

Ìgbésẹ̀ àwọn tó ń ṣe ohun èlò wọ̀nyí jẹ́rìí sí i. Swing, tó tẹ̀ lé AWT ní 1998, sọ ọ́ di òfin pé thread kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú ètò. GTK, tí ọ̀pọ̀ ètò Linux dúró lé, ti ní àgádágodo ńlá kan fún gbogbo ojú ètò fún ọdún pípẹ́; ní 2012, wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́, nígbà tí GTK 4 sì jáde ní 2020, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè mú BeOS wá. Nínú ètò ìdarí kọ̀ǹpútà yìí, fèrèsé kọ̀ọ̀kan ló ní thread tirẹ̀, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí àwọn tó lò ó ń yìn títí di òní. Àríyànjiyàn náà dára, ṣùgbọ́n kò tako ohun tí à ń sọ. Nínú fèrèsé kan, thread kan náà ló ṣì ń dá ìṣẹ̀lẹ̀ lóhùn. Bí a bá di iṣẹ́ gígùn lé e lórí, fèrèsé yẹn á gan bíi ti ibòmíràn, àwọn tó kù ni kò ní bá a gan. Iṣẹ́ tí a ń rán láti thread kan sí òmíràn ni BeOS sì dúró lé, èyí tó jẹ́ ìlà tí à ń wí náà gan-an.

Kí wá ni ọ̀nà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀? Ó rọrùn láti sọ: thread mìíràn ni kó lọ ṣe iṣẹ́ tó pẹ́, kó má sì fọwọ́ kan fèrèsé; nígbà tó bá parí, kó fi èsì ránṣẹ́ sórí ìlà, kí thread ojú ètò mú un nígbà tó bá kàn án. Ní Java, invokeLater ló ń gbé èsì náà lọ. Nínú Windows Forms ti Microsoft, Invoke ni. Qt ń gba àárín signal àti slot. Orúkọ yàtọ̀, ìlànà kan náà ni. Ní 2005, .NET 2.0 mú BackgroundWorker wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nígbà tí a bá ń yẹ ètò wò bí thread àjèjì bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Java 6 gba SwingWorker wọlé ní 2006. Àwọn tó ń kọ ètò sì tún ń gbàgbé, nítorí pé ọ̀nà tó burú ló kúrú jù láti kọ. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yí padà ni 2012. Lọ́dún yẹn, async àti await wọ inú èdè C#, tí a fi lè kọ iṣẹ́ tó ń dúró bí ẹni pé ó ń lọ tààrà, tí thread ojú ètò yóò sì wà lómìnira nígbà náà. Nínú Windows 8 tó jáde lọ́dún kan náà, Microsoft pinnu pé ìpè tuntun tó bá ṣeé ṣe kó ju mìlísẹ́kọ́ńdì 50 lọ kò ní sí ní irú èyí tó ń dúró rárá. Ẹni tó ń kọ ètò kò lè ṣe àṣìṣe tí kò sí ní ọjà. Ìlànà yìí ló yẹ kí gbogbo ohun èlò tẹ̀ lé, nítorí pé ìwàásù fún àwọn tó ń kọ ètò kò tíì ṣiṣẹ́ níbì kankan.

Àtakò tó wúwo jù ni pé oògùn yìí ń mú àìsàn tirẹ̀ wá, òótọ́ sì ni. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: bí iṣẹ́ bá ń lọ lábẹ́lẹ̀, oníbàárà ṣì lè máa tẹ bọ́tìnnì, ohun tó bá tẹ̀ sì lè tako ohun tó ń lọ. Ẹ wo àpótí ìwákiri kan. Oníbàárà kọ "Adé", ètò rán ìbéèrè lọ. Ó fi kún un, ó di "Adébáyọ̀", ètò rán òmíràn. Èsì kejì lè ṣáájú ti àkọ́kọ́ dé. Bí ètò bá kàn ń fi èsì tó bá dé hàn, orúkọ gbogbo Adé ni yóò wà lójú nígbà tí Adébáyọ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí a sì da èsì tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe ti ìbéèrè tó kẹ́yìn nù. Bọ́tìnnì ìfipamọ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kú ní kété tí a bá tẹ̀ ẹ́, kó jí nígbà tí èsì bá dé, ìbáà ṣe rere tàbí búburú; àwọn tó rántí pípa rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbàgbé jíjí rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá kùnà. Bí a bá ti fèrèsé kí èsì tó dé, kí èsì náà kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé ṣì wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ohun tí mo ti rí nínú ọ̀pọ̀ kóòdù C#: thread ojú ètò rán iṣẹ́ lọ, ó wá jókòó ti Result, ibi tí a ti ń mú èsì. Èsì ń dúró de ìlà, ìlà ń dúró de èsì, a sì ti padà síbi àgádágodo Hamilton. Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́, n kò sẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣòro wọ̀nyí ṣeé kà, ó sì ṣeé dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti DoEvents àti ti àgádágodo máa ń farahàn ní ọjọ́ tí a kò retí. Fún ètò kékeré tí kò ju pé ó ń ṣírò owó orí lọ, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú thread kejì.

Ó ku ohun tí oníbàárà ń rí nígbà tó ń dúró. Brad Myers fi ìwádìí hàn ní 1985 pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn àmì tó ń sọ ìdá ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tó ti parí. Àmì yẹn kò lè sún bí thread ojú ètò bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀bùn tí ìpínṣẹ́ tó dára ń mú wá ni, kò lè rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni bọ́tìnnì tí a fi ń dá iṣẹ́ dúró, tí mo kà sí pàtàkì ju àmì náà lọ. Ìdánwò kan wà fún gbogbo èyí: kí ẹni tó ń kọ ètò fún ọ́fíìsì yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì láàárín iṣẹ́ kó tó gbé ètò náà fún oníbàárà. Bí fèrèsé bá gan, tàbí tí iṣẹ́ tó ju sẹ́kọ́ńdì 10 lọ kò ṣeé dá dúró, ètò náà kò tíì parí.