Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ olówó gọbọi: Ohun tó yẹ kéèyàn yẹ̀ wò kó tó sanwó

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé nílùú òyìnbó wọ̀. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó lọ́dún 1951, tí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì dópin lọ́dún 1974, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ti gba àwọn èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà, ibi téèyàn ń lọ ló ṣe pàtàkì, ọkọ̀ kàn ń gbé e débẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ti yí padà lóde òní. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì, òun ni ilé oúnjẹ, òun náà ni ibi ìnàjú.

Àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà náà ń fi irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ṣàjọyọ̀ ọgọ́ta ọdún òbí wọn tàbí àyájọ́ ìgbéyàwó. Owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré, ó sì lè jẹ́ ohun téèyàn fi ọdún púpọ̀ tù jọ. Orúkọ ńlá nìkan kò tó ohun tí wọ́n fi ń yan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́rin ló yẹ ní yíyẹ̀ wò: ohun tí owó ọkọ̀ kó mọ́ra, irú ọkọ̀ náà àti àsìkò tó ń rìn, ẹni tó dúró fún owó náà, àti ìwé ìrìnnà ẹni tó fẹ́ lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀, yàrá àti oúnjẹ ilé ìjẹun gbogbogbòò ni owó tí wọ́n kọ síta wà fún. Ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, àti ìrìn kiri orí ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní èbúté, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san owó wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Silversea, Seabourn àti Regent Seven Seas máa ń ka ọtí àti owó ọpẹ́ mọ́ owó ọkọ̀ ní tiwọn. Regent tún ń ka ọ̀pọ̀ ìrìn kiri orí ilẹ̀ mọ́ ọn. Viking ń fi ìrìn kiri kan kún un ní èbúté kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wáìnì àti bíà nígbà oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́.

Ìṣirò ló máa ń tú àṣírí ìyàtọ̀ yìí. Ká ní ọkọ̀ kan ń gba dọ́là 1,500 lọ́wọ́ ẹnì kan fún ọjọ́ méje, tí ìkejì ń gba dọ́là 4,000, tó sì kó gbogbo nǹkan mọ́ra. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, bí owó ọpẹ́ bá jẹ́ dọ́là 18 lójúmọ́, tí ọtí jẹ́ 80, tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 20, tí ìrìn kiri ní èbúté mẹ́rin sì jẹ́ 120 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ yóò di dọ́là 2,806. Ìyàtọ̀ tó dà bíi dọ́là 2,500 lójú kò wá ju 1,194 lọ. Àmọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ kì í bá mu ọtí rárá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ ṣe wà, dọ́là 2,246 ni yóò ná, ìyàtọ̀ náà á sì fò sókè di 1,754. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ọkọ̀ tó kó gbogbo nǹkan mọ́ra lè mú kí ẹni tí kì í mutí máa bá ẹlòmíràn sanwó wáìnì. Kí ẹni tó fẹ́ dá lọ sì rántí pé iye tí wọ́n ń kọ síta sábà máa ń jẹ́ ti ẹnì kan nínú èèyàn méjì tó jọ wà ní yàrá kan. Ẹni tó bá dá yàrá gbà lè san ohun tó sún mọ́ ìlọ́po méjì.

Ohun kejì ni irú ọkọ̀ náà. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024, lè gba èrò tó tó 7,600. Silver Nova ti ilé-iṣẹ́ Silversea kò gba ju 728 lọ. Ọkọ̀ kékeré lè wọ èbúté tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, èrò kì í sì í to ìlà gígùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré àti ìdárayá àwọn ọmọdé kì í pọ̀ nínú rẹ̀. Viking kì í tilẹ̀ gba ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, nítorí náà, ìyá àgbà tó fẹ́ kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání kò lè bá wọn lọ. Nínú Queen Mary 2 ti ilé-iṣẹ́ Cunard, tó máa ń ná Southampton sí New York, irú yàrá téèyàn gbà ló ń sọ ilé oúnjẹ tí yóò máa lò. Bí ẹ̀gbọ́n bá sanwó Queens Grill, tí àbúrò sanwó Britannia, àbúrò kò ní lè tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ilé oúnjẹ tirẹ̀. Ó yẹ kí ìdílé tó ń ṣàjọyọ̀ pọ̀ ti mọ èyí ṣáájú.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kọkànlá ni ìjì líle máa ń jà lágbègbè Kàríbíánì, owó ọkọ̀ sì lè wálẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjì lè mú kí ọkọ̀ yí ọ̀nà padà. Ẹni tí òkun máa ń kó èébì bá sì gbọ́dọ̀ wá yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mímì ọkọ̀ ti kéré jù.

Ohun kẹta ni ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, àti ẹni tó dúró fún owó. Cunard àti Seabourn wà lábẹ́ Carnival. Silversea wà lábẹ́ Royal Caribbean, Regent sì wà lábẹ́ Norwegian Cruise Line Holdings. Ìtàn Crystal ló fi hàn pé orúkọ rere nìkan kò lè dáàbò bo owó ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ olówó ńlá ni, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn arìnrìnàjò ti ń yìn ín. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Genting Hong Kong tó ni ín wọ gbèsè, adájọ́ kan ní Amẹ́ríkà sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ Crystal Symphony nítorí gbèsè epo. Ọkọ̀ náà kò padà sí Miami mọ́. Bimini ní erékùṣù Bahamas ló gbà lọ, ọkọ̀ mìíràn ló sì kó àwọn èrò padà sí Florida. Àwọn tó ti sanwó fún ìrìnàjò ọjọ́ iwájú wá di ẹni tó ń lépa owó wọn. Ẹlòmíràn ló ra orúkọ náà àti àwọn ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì padà sójú omi lọ́dún 2023.

Nítorí èyí, ó dára kí ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bèèrè bóyá ètò ATOL bo ìrìnàjò tó ní ọkọ̀ òfurufú nínú, tàbí bóyá ẹni tó ta ìwé ọkọ̀ fún un jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ABTA, bí kò bá sí ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀. Kó sì ra ààbò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, nítorí owó ọ̀tọ̀ ni dókítà inú ọkọ̀ ń gbà, owó gọbọi sì ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn láti àárín òkun lọ sí ilé ìwòsàn.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló máa ń dun àwọn ọmọ Nàìjíríà jù. Ìwé àṣẹ ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà láṣẹ láti wọ Sípéènì tàbí Ítálì. Físà Schengen ni yóò gbà. Bí ọkọ̀ bá sì kúrò ní Sípéènì, tó yà sí Tùnísíà, kó tó wọ Ítálì, físà tí wọ́n lè lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ló yẹ kó ní. Bákan náà ni ti ẹni tó lo físà Amẹ́ríkà láti wọ ọkọ̀ ní Miami: ìpadàbọ̀ ọkọ̀ jẹ́ wíwọ ìlú lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n lè dá ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dúró ní èbúté, owó rẹ̀ yóò sì wọlé lọ.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹni tó fẹ́ lọ kọ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀, kó sì gba ìdáhùn wọn ní àkọsílẹ̀. Títí ìdáhùn náà yóò fi dé, kí owó ṣì wà ní báńkì.