Ìgbé-ayé Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, 1948 sí 1958

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé inú kíláàsì nìkan ni ẹ̀kọ́ wà. Ìtàn Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tako èrò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí ó ti jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun. Nítorí pé wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, àwọn fúnra wọn ni ó dá ẹgbẹ́ àti ìwé ìròyìn sílẹ̀. Chinua Achebe ṣe olóòtú The University Herald. Kí 1958 tó parí, J.P. Clark ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ewì The Horn. Ní 1952, Wole Soyinka àti ẹni mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀.

Lóòótọ́, lẹ́yìn 1970, àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn mìíràn jẹ yọ, wọ́n sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí èyí fòfin de ẹgbẹ́ gbogbo, òkùnkùn nìkan ni a fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ ọ̀la fi àyè gba ìwé ìròyìn àti àríyànjiyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń sọ èrò ọkàn ẹni ní gbangba.