Ọlọ́run Tí Ń Gbé Inú Ọkàn: Ẹ̀kọ́ Kan àti Bí Ilẹ̀ Rẹ́mọ Ṣe Gbọ́ Ọ

Ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kristẹni ni pé Ọlọ́run, ẹni tí ọ̀run àti ayé kò gbà, ń fi ọkàn ẹni tó gba Kristi gbọ́ ṣe ibùgbé. Gbogbo ìjọ ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti orí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì títí dé orí àwọn ìjọ Aládùúrà, ni ó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé Ọlọ́run wà nínú ẹnì kan, ìdáhùn wọn kò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Ìbéèrè yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ìjọ kan rí ní Ògèrè, ó sì ti ya àwọn tí ń gbàdúrà pọ̀ nípá.

Nínú Májẹ̀mú Láéláé, àárín àwọn ènìyàn ni Ọlọ́run ń gbé. Ó pàṣẹ fún Mósè kí wọ́n kọ́ ibi mímọ́ kan kí Òun lè wà láàárín wọn (Ẹ́kísódù 25:8). Àgọ́ ni ibi náà kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ó di tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù. Sólómọ́nì tó kọ́ tẹ́ńpìlì ọ̀hún kò tan ara rẹ̀ jẹ; nínú àdúrà ìyàsímímọ́ ó jẹ́wọ́ pé ilé náà kéré sí Ọlọ́run (1 Àwọn Ọba 8:27). Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì lè ya ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò fún tẹ́ńpìlì, naos, kì í ṣe gbogbo ọgbà tẹ́ńpìlì. Yàrá inú lọ́hùn-ún, níbi tí ògo Ọlọ́run wà, ni ó ń tọ́ka sí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí Bíbélì Yorùbá fi hàn ju ti Gẹ̀ẹ́sì òde òní lọ. Ní 1 Kọ́ríńtì 3:16, “ẹ̀yin” ni Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe “ìwọ”. (Kì í ṣe ẹ̀yin ọ̀wọ̀ tí à ń pe àgbà, ẹ̀yin ọ̀pọ̀ ènìyàn ni.) Ìjọ lápapọ̀ ni tẹ́ńpìlì náà. Ní orí kẹfà, ẹsẹ 19, ó wá sọ ọ́ kan ara onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń wí pé Ọlọ́run ń gbé inú òun, tí kò sì lè bá ará ìjọ jókòó pọ̀, ó ti fo orí kẹta kọjá.

Ní Éfésù 3:17, ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò fún gbígbé Kristi nínú ọkàn, katoikein, jẹ́ ti onílé, kì í ṣe ti àlejò. Ará Ṣàgámù kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Nígbà tí àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó jọ ní ọdún 1872 láti dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ ogun, wọn kò wá ṣe àtìpó. Wọ́n kó ọba, ojúbọ àti orúkọ ìlú wọn wá. Títí di òní, Ọ̀fin ṣì ń jẹ́ Ọ̀fin, Mákùn ṣì ń jẹ́ Mákùn. Irú kíkó wọlé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an ni kókó àlàyé yìí, nítorí etí tó ti mọ òrìṣà ni àwọn bàbá wa fi gbọ́ ìwàásù nígbà tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ṣí sílẹ̀ fún míṣọ́nnárì lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ti 1892. Òrìṣà a máa gun ẹlẹ́gùn. Bí Ṣàngó bá gun ẹlẹ́gùn rẹ̀, ohùn onítọ̀hún a yí padà. Bí ó bá sọ̀ ọ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì padà di ẹni tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, Ẹ̀mí Olúwa a máa bà lé ènìyàn: ó bà lé Sámúsónì, ó bà lé Sọ́ọ̀lù tó fi sọ àsọtẹ́lẹ̀, ó sì kúrò lára Sọ́ọ̀lù (1 Sámúẹ́lì 16:14). Ìlérí Jésù nínú Jòhánù 14 yàtọ̀ sí méjèèjì: Olùtùnú yóò wà pẹ̀lú wọn títí láé. Gígùn ni ti àkọ́kọ́, bíbà lé ni ti èkejì, gbígbé ni ti ẹ̀kẹta. Nínú àwọn ìjọ Aládùúrà, a máa ń gbọ́ pé “Ẹ̀mí gbé e”, ìyẹn ni pé ó gbé e sókè. Ohùn kan náà ni gbé yìí ní pẹ̀lú gbé ti ibùgbé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ìjọ ni ó sì ti inú àìyà wọ́n sọ́tọ̀ jáde.

Josiah Olúnówò Òṣítẹ̀lú ti Ògèrè ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ. Olùkọ́ ni ó jẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà nígbà tí ìran bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí i ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925. Ìmọ́lẹ̀ ńlá kan bí ojú ni ó sọ pé òun rí. Nígbà tí ó di 1926, a ti yọ ọ́ níṣẹ́. Ó fi ọdún mélòó kan gbàdúrà, ó gbààwẹ̀, ó sì ń kọ àwọn ìran rẹ̀ sílẹ̀. Ó wàásù ní gbangba ní Ògèrè ní 1929, ó sì dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1930. Ní 1931, òun àti àwọn aṣáájú Faith Tabernacle tí wọ́n jọ ń ṣe ìsọjí pínyà. Lára ohun tí wọ́n kò gbà ni àwọn orúkọ mímọ́ àjèjì tó ń lò àti títọ́ka sí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún ìhà méjèèjì. Ìjọ àtijọ́ rí ìran, ẹ̀rù sì bà á. Kò ní ọ̀nà kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò ju pé kí ó lé e jáde lọ. Àwọn ti 1931 tiẹ̀ gba ìran gbọ́, síbẹ̀ wọ́n rí i pé ìran nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí Ọlọ́run ń gbé. Èrò tèmi ni pé ohun tí àwọn wọ̀nyí sọ tọ̀nà, ohun tí àwọn ti 1926 ṣe kò sì tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀.

John Wesley, tí ó jẹ́rìí pé ọkàn òun móoru lọ́nà àrà ní 24 oṣù Karùn-ún 1738, ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wọn. Nínú ìwàásù rẹ̀ ti 1744 ní Oxford, ó ya ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èso Ẹ̀mí tó wà fún gbogbo onígbàgbọ́. Èyí ṣe pàtàkì fún ìyá tó ti ń wá sí ìsìn láti ogójì ọdún tí kò rí ìran rí, tó sì ń rò pé Ọlọ́run fo òun dá. Róòmù 8:9 kò béèrè ìran lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpèníjà mìíràn ti Ìkẹ́nnẹ́ wá. Tai Solarin, ọmọ bíbí ìlú náà, dá Mayflower School sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, kò sì fi pamọ́ títí tó fi kú ní 1994 pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ láti dá oko, láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Kí ni kí a wí nípa ẹni tí kò ní Olùgbé tí à ń sọ yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀? Àwọn kan máa ń sáré dáhùn pé iṣẹ́ kò gba ènìyàn là. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù 2:18 kò jẹ́ kí ìdáhùn náà parí síbẹ̀, àwa tí à ń gbé Ìkẹ́nnẹ́ àti àyíká rẹ̀ ni a sì bi ní ìbéèrè náà, kì í ṣe òun.

Ní 22 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ìjọ Òṣítẹ̀lú ń gun Òkè Tábọ́rà ní Ògèrè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti 1937, àwọn kan sì ń ti Gánà àti Sàró wá. Ilẹ̀ mímọ́ ni, wọn kì í wọ bàtà níbẹ̀. Nígbà tí ayẹyẹ bá parí, wọn a wọ bàtà wọn, wọn a sì bọ́ sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá, oníkálukú sí ilé rẹ̀, sí ọjà rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá ṣe àríyànjiyàn kó tó kúrò nílé.