Ìwádìí lórí Kíkọ́ Àwọn Olùkọ́ Ìṣirò: Ohun Tí A Ti Bèèrè àti Ohun Tí A Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kíkọ́ olùkọ́ níṣẹ́ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Kí Ìfọ́lé ọdún 1867 tó lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta, ìjọ CMS ti dá ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣí lọ sí Èkó, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tí a ti mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's. Ní 1976, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí olùkọ́ sì wọ́n bí ojú, ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ti Òṣíẹ̀lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fásitì Tai Solarin ní Ìjagun tẹ̀lé e ní 2005. Irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ló ń pèsè ẹni tí yóò dúró níwájú ọmọ ní Ọ̀fàdà, ní Owódé, ní Mòwé, tí yóò ṣàlàyé ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin títí yóò fi yé e. Kí ni àwọn olùwádìí ti bèèrè nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìṣirò fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe olùkọ́. Láti 1962 ni àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pé jọ ní Entebbe ní Ùgáńdà láti kọ ìwé ìṣirò ìgbàlódé fún ọmọ Áfíríkà. Grace Alele-Williams, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé (ní Chicago, ní 1963), fi ìṣirò ìgbàlódé yìí ṣe iṣẹ́, ó sì kọ ìwé atọ́nà lé e lórí fún olùkọ́. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ fòpin sí i. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé àwọn olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n tó. Ìwé tuntun ni a kó lé olùkọ́ tí a fi ọ̀nà àtijọ́ tọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ètò náà kọsẹ̀, olùkọ́ náà la dá lẹ́bi.

Láàárín ìgbà kan náà, ọ̀rọ̀ èdè náà gba iwájú. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà ní St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Àmọ́ ẹni tó bá ń tọ́ka sí iṣẹ́ yìí lónìí kì í sábà dárúkọ àwọn olùkọ́ tó ṣe é.

Iṣẹ́ tí èmi kà sí olórí nínú gbogbo wọn ni ti Helen Verran, ará Australia tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ láàárín 1979 sí àárín àwọn ọdún 1980. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2001. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan fẹ́ kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn. Rúlà ni ìlànà wí. Òun kó okùn wá, pẹ̀lú páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ọmọ a fi okùn wọn ara ẹnìkejì rẹ̀, a ká a sórí páálí ní mẹ́wàá mẹ́wàá, a ka ìká náà, a sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, a ro èyí tó ṣẹ́kù mọ́ ọn. Ó yé wọn yékéyéké. Àlàyé tí Verran kọ́kọ́ ṣe ni pé ìrònú Yorùbá nípa òǹkà yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Nínú ìwé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tú àlàyé náà palẹ̀, nítorí pé olùkọ́ àti ọmọ ń lo méjèèjì pọ̀ láìsí wàhálà. Ìjókòó sẹ́yìn kíláàsì ló bí irú ìmọ̀ yìí, kì í ṣe fọ́ọ̀mù ìbéèrè.

Lókè òkun, ọ̀rọ̀ tí Lee Shulman sọ ní 1986 ló tanná: mímọ iṣẹ́ yàtọ̀, mímọ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ náà yé ọmọ yàtọ̀. Deborah Ball àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú un wọ inú ìṣirò. Ní 2005, Jill Adler ti South Africa àti àwọn mẹ́rin mìíràn yẹ ìwádìí tó ti jáde wò: olùkọ́ díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn dá lé, àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ló ń wádìí akẹ́kọ̀ọ́ ara wọn, àwọn orílẹ̀-èdè elédè Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù. Nígbà tí ìwádìí àgbáyé tí a ń pè ní TEDS-M wọn ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè 17 ní 2008, Botswana nìkan ló ṣojú Áfíríkà.

Lọ́dọ̀ tiwa, fọ́ọ̀mù ìbéèrè ló gbòde: ìhà tí olùkọ́ kọ sí ìṣirò, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́. A mọ iye olùkọ́ tó ní òun fẹ́ràn ìṣirò. A kò mọ ohun tó sọ nígbà tí ọmọ ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdajì, tí ó kọ 2/4 sílẹ̀.

Àwọn kan ti ń mú ìṣirò ọjà wọ kíláàsì, láti ìgbà tí D'Ambrosio ti Brazil ti gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1984. Ó dára, bí kò bá jẹ́ ti ojú ayé. Ẹni tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà a bù ú kún kóńgò títí yóò fi gogo, a tún fi èènì lé e. Gogo yẹn kò sí nínú ìlànà tí a fi ń ṣírò àyè inú agolo. Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọn a dárúkọ kóńgò tán, wọn a padà sídìí ìwé.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí ó wù kí òfin wí, olùkọ́ abúlé ṣì ń pa méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ àti Ìjagun, mo bẹ̀ yín: nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ (TP) tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba ohùn iṣẹ́ ìṣirò kan ṣoṣo sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ òbí, kí ó kọ ọ́ síwèé bó ṣe jáde lẹ́nu, Yorùbá rẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwádìí.